Mo fi táyà ńlá sí Tacoma mi láì gbé mọ́tò sókè, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí

Ìró yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, grrrp, bí ìgbà téèyàn ń fi ṣíbí irin ha ìdí ìkòkò. Mò ń jáde nílé epo kan ní Erúwà lọ́wọ́, mo yí sítíárìn dé òpin kí n lè kọjú sọ́nà oko, ọlọ́kadà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá wo ẹsẹ̀ mọ́tò, ó ní "Ọ̀gá, táyà yín ń jẹ nǹkan o." Mo ní mo ti gbọ́. Táyà yẹn ò tíì lo ọjọ́ méjì lẹ́sẹ̀ mọ́tò o, owó tí mo fi rà á ṣì ń ta mí nínú, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mọ́tò tí mò ń sọ yìí, Tacoma 2007 ni, píkọ́ọ̀pù Toyota, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì V6 4.0, four-wheel, ìyẹn èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ fa mọ́tò. Torí oko ni mo ṣe rà á. Ẹ̀gẹ́ là ń gbìn lápá Ìbàràpá, láàárín Erúwà sí Láńlátẹ̀, títì gan-an kọ́ sì ni ìṣòro wa, ibi téèyàn ti máa kúrò lórí títì wọ inú oko ni. Lọ́rì tó ń wá kó ẹ̀gẹ́ ti gbẹ́ ojú ọ̀nà yẹn di poro méjì, àárín wá ga bí ebè, bí òjò bá sì ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, poro á jìn sí i, ebè àárín á dúró gbọn-in, abẹ́ mọ́tò mi á wá máa ha á lọ ní tiẹ̀. Ohun tó máa ń kàn gan-an ni dífíréńṣà ẹ̀yìn, irin roboto bí ìdí ìkòkò yẹn, tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì.

Gbogbo ẹni tí mo bá ti sọ fún, ohùn kan náà ni: lọ gbé e sókè. Kí wọ́n fi irin há orí ṣọ́ọ̀kù iwájú, kí wọ́n fi ewé kún sípíríìngì ẹ̀yìn, ó parí. Èmi ò fẹ́. Àkọ́kọ́, owó. Èkejì, bí wọ́n bá ti gbé iwájú sókè, ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú á dagun ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà tó bo orí ẹ̀ á tètè ya, gíríìsì á máa ta jáde, mẹkáníìkì á di ọ̀rẹ́ yín tipátipá. Ẹ̀kẹta, màmá mi. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni mò ń fi mọ́tò yìí gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tìró tìró, tìborùn tìborùn, bó ṣe wà yẹn gan-an wọ́n ń di èjìká mi mú kí wọ́n tó gùn ún, ṣé kí n wá máa gbé àpótí dání kiri ni?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ rò ni pé lift, ìyẹn gbígbé mọ́tò sókè báyẹn, kì í gbé dífíréńṣà ẹ̀yìn yẹn sókè rárá. Ara mọ́tò ló ń gbé. Ásù ẹ̀yìn, irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ni dífíréńṣà wà nínú ẹ̀, orí táyà ni ásù dúró lé, ibi tí táyà bá ga dé náà ló máa wà, ẹ báà gbé ara mọ́tò dé òrùlé. Táyà tó ga jù nìkan ló lè gbé e kúrò nílẹ̀. Ọjọ́ tí mẹkáníìkì mi fi igi ya èyí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún mi báyìí, mo ní áà, ó ti parí, táyà ni mò ń rà.

Ẹ jẹ́ ká ka nọ́ńbà ara táyà díẹ̀, ẹ má sá o, kò le. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára bébà tó wà létí ilẹ̀kùn awakọ̀ mi ni 265/70R16. 265 yẹn ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 70 yẹn kì í ṣe mìlímítà o, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni, pé ẹ̀gbẹ́ táyà ga tó ìdá 70 nínú 100 fífẹ̀ ẹ̀. 16 ni rímù, ní ínǹṣì. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà á jẹ́ mìlímítà 185 àti ààbọ̀, ẹ ṣe é lọ́nà méjì torí ó wà lókè ó wà nísàlẹ̀, ẹ wá sọ ínǹṣì rímù di mìlímítà, bíi 406, kẹ́ ẹ fi kún un, gbogbo gíga táyà á jẹ́ bíi 777. 265/75R16 á fún yín ní 804. 285/75R16, 834. Ẹ wá rántí o, ìdajì ìyàtọ̀ yẹn nìkan ni mọ́tò fi máa ga, torí ìdajì kejì, òkè ló ń lọ, ó ń wá ibi tó máa forí gbá. Nítorí náà 265/75 á gbé dífíréńṣà mi sókè ní mìlímítà 13, ìdajì ínǹṣì péré, 285/75 á gbé e ní 28. Ojú kòkòrò ni mo fi wo 28 yẹn, kí n má parọ́.

Ni mo bá gba Gate lọ n'Íbàdàn. Ẹni tó ta táyà fún mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n bèèrè tán, "Ọ̀gá, á wọ̀ ọ́ pé, gbogbo Tacoma tẹ́ ẹ̀ ń rí nígboro, èyí ni wọ́n ń lò." Mi ò wọn nǹkan kan. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo rí bí eyín ara ẹ̀, ibi tó ń di ilẹ̀ mú, ṣe rí gbágungbàgun, mo rí i lọ́kàn mi bó ṣe máa rí lẹ́sẹ̀ mọ́tò, mo sanwó 285/75 mẹ́rin. Wọ́n dè é, mo sún sẹ́yìn wò ó, ó dúró bí akọ màlúù, mo tiẹ̀ ya fọ́tò. Ohun tí fọ́tò ò sọ ni pé táyà kọjú síwájú gbọọrọ nígbà tí mo yà á, táyà tó bá kọjú síwájú gbọọrọ kì í kan nǹkan kan, ibi téèyàn bá ti yí i ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí ìró ilé epo yẹn ò lọ, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá fọganáísà ìkóríta wa. Bàbá wo táyà, wọ́n wo mi. "O ti rà á tán kóo tó wá bi mí, àbí?" Mo ní Bàbá, ẹ má bínú. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì funfun, èyí tí wọ́n fi ń sàmì síbi tí túbù ti ń jò, wọ́n fi kun èjìká táyà iwájú yípo, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí páálí. "Yí i dé òpin." Mo yí i. "Dá a padà. Yí i sápá kejì." Ìgbà tí mo sọ̀kalẹ̀ wá wò ó, ilà funfun kan ti wà lára irin tó yọ gọngọ látara ṣaasí lẹ́yìn táyà iwájú, níbi tó bọ́ sí abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ gẹ́lẹ́, ìyẹn irin tí kábù mọ́tò, ilé tí èèyàn ń jókòó sí nínú ẹ̀, dúró lé, tí rọ́bà ńlá wà láàárín wọn. Bọ́dì máǹtì làwọn mẹkáníìkì ń pè é. Wọ́n ní kò tíì tán. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lódìkejì ní òkìtì iyẹ̀pẹ̀, Bàbá ní kí n fi táyà òsì nìkan gun òkìtì náà, kí sípíríìngì apá yẹn lè wọlé dáadáa bíi pé mo já sí kòtò, kí n wá yí sítíárìn níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tún kan ibi méjì sí i: ike dúdú tó bo inú ihò táyà níwájú, nítòsí bọ́ńpà, àti mọ́dígáàdì rọ́bà tó wà lẹ́yìn. Ike àti rọ́bà ò ba Bàbá lẹ́rù. Irin yẹn ni wọ́n fi ìka kàn lẹ́ẹ̀mejì. "Èyí á gé e bí ọ̀bẹ lọ́jọ́ tóo bá já sí gálọ́ọ̀pù pẹ̀lú eré."

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbí nìyẹn o, tẹ́ ò bá mú ohun mìíràn. Gbogbo èèyàn ló ń wo òkè, àlàfo tó wà láàárín orí táyà àti fẹ́ńdà, wọ́n á ki ìkúùkù bọ ibẹ̀, wọ́n á ní àyè pọ̀. Òkè kọ́ ni táyà ti ń há. Ẹ̀yìn táyà iwájú ni, lára bọ́dì máǹtì yẹn, nígbà tí sítíárìn bá wà lópin tí mọ́tò sì rì sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi téèpù wọ̀n kẹ́ ẹ tó yọ owó.

Wẹ́dà kan wà nítòsí, ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ó ní ká jẹ́ kóun gé igun irin yẹn kúrò, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Kì í ṣe pé ó ń parọ́, àwọn ará Amẹ́ríkà ń gé e dáadáa, wọ́n á tún fi páànù irin mìíràn dí ojú ẹ̀, wọ́n á jó o pa. Àmọ́ Tacoma temi, ìlú tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín ló ti wá, mo mọ bí abẹ́ ẹ̀ ṣe dípẹtà tó kí n tó fọ̀ ọ́ kí n tó kùn ún, mi ò ní fi iná wẹ́dà kan ibi tí kábù tó ń gbé màmá mi jókòó lé. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀ píkọ́ọ̀pù, ẹ gbé hámà kékeré dání, ẹ máa fi kan ṣaasí láti iwájú dẹ́yìn, ibi tí ìró ẹ̀ bá ti yí padà, ẹ bi ara yín léèrè.) Ẹlòmíràn ní kí n lọ sọ́dọ̀ aláláíńmẹ́ǹtì kí wọ́n ti táyà síwájú díẹ̀. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, bóòtù wà nísàlẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ mìlímítà díẹ̀ ló máa fún yín, ẹni tó há bí èmi ṣe há, díẹ̀ ò ràn án.

Mo gbé táyà padà lọ sí Gate. Ẹni tó tà á ní táyà tó ti jókòó lẹ́sẹ̀ mọ́tò ti di tòkunbọ̀, bá a ṣe dúnàádúrà títí òòrùn fi wọ̀ nìyẹn. Iye tí mo pàdánù, mi ò ní kọ ọ́ síbí, ìyàwó mi ń ka ohun tí mò ń kọ.

265/75R16 ni mo padà mú, ọ̀tẹ̀ yìí mo wo nǹkan dáadáa. Mo wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú àpótí kékeré lára táyà lẹ́yìn lẹ́tà DOT, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún, bẹ́ ẹ bá rí 1723, ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógún ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ gbé méjì fún mi tó dán bí ẹyin, tí ọdún ẹ̀ ti lọ jìnnà, mo ní kí wọ́n dá a padà, táyà máa ń gbó lórí ìjókòó o, wọn ò nílò kẹ́ ẹ fi rìn. Mo tún wo 116 tó wà lẹ́yìn ìwọ̀n, ìyẹn ni pé táyà kan lè gbé kílò 1,250, ti ẹ̀gẹ́ wa tó. Wọ́n ní kí n mú oní ply mẹ́wàá, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrù tó wúwo gan-an, mo ní rárá. Ó wúwo, ó le bíi pákó, tẹ́rù ò bá sí lẹ́yìn á máa ju èèyàn bí bọ́ọ̀lù, èmi sì ni màmá mi máa bá wí.

Bàbá tún fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún, a tún gun òkìtì iyẹ̀pẹ̀. Ìka méjì wọlé láàárín táyà àti bọ́dì máǹtì. Mọ́dígáàdì iwájú nìkan ló ń kàn, tí mo bá ń ṣe rìfáàsì tí sítíárìn sì wà lópin. Mo tú u. Ìwà agọ̀ nìyẹn náà, torí láàárín ọ̀sẹ̀ kan òkúta ti ta ọ̀dà abẹ́ ilẹ̀kùn mi sí wẹ́wẹ́, pọ́tọ́pọ́tọ̀ á fọ́n dé ọwọ́ ilẹ̀kùn. Bàbá ló gé túbù lọ́rì àtijọ́ fún mi, a fi ṣe mọ́dígáàdì mìíràn tó rọ̀ tó sì kéré, ìyẹn, bó bá tiẹ̀ kan táyà, kì í ṣe nǹkan kan. Ike iwájú, mi ò dúró kó kàn kí n tó tọ́jú ẹ̀, mo fi díráyà tí ìyàwó mi fi ń gbẹrun yan án títí ó fi rọ̀, mo tì í wọnú, mo fi okùn ike dè é mọ́ ẹ̀yìn. Díráyà ò bàjẹ́ o.

Ẹ fọkàn sí ọ̀rọ̀ rímù náà. Ọ̀rẹ́ mi kan ra ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́, mọ́tò kan náà, tiẹ̀ ń há, temi ò há, ó ní mo gbàbọ̀dè fún òun. Rímù ni. Èmi wà lórí rímù tó bá mọ́tò wá, tiẹ̀ jẹ́ irú tó ń ta táyà síta kó lè rí bí ẹni tó la ẹsẹ̀. Táyà tó bá ti jáde síta báyẹn, tẹ́ ẹ bá yí i, ọ̀nà tó máa gbà yí á tóbi jù, á lọ gbá ohun tí kò yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin oní-Hilux tó wá pẹ̀lú 265/65R17, ìṣírò kan náà ni, 265/70R17 á fi bíi mìlímítà 13 náà kún un, àmọ́ ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín, igun ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́tò yàtọ̀.

Ìyẹn tán, ó wá ku àwọn nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Táyà tó bá ga, ó ń yí lẹ́ẹ̀kan, ó ń lọ jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀, kílọ́ọ̀kì mọ́tò ò sì mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀. Ìyàtọ̀ temi jẹ́ bíi 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti eré ò dùn mí, torí ọ̀pọ̀ mọ́tò máa ń ka eré lékún díẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí 100 bá wà lójú kílọ́ọ̀kì mi látijọ́, fóònù mi á sọ 97, báyìí àwọn méjèèjì ti ń sọ ohun kan náà. Ti kílómítà ló ń yọ mí lẹ́nu. Tó bá kà á pé mo ti rin 5,000, mo ti rin nǹkan bí 5,170, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tẹ́ ẹ bá ń ka ìgbà tẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì. Bẹ́ẹ̀ náà ni epo. Mo fi oṣù kan ṣépè fún táyà pé ó ń mu epo, kó tó yé mi pé lára ẹ̀ kì í ṣe epo, kílómítà tí wọn ò kà ni. Òtítọ́ ni pé ó ń mu díẹ̀ sí i, torí táyà wúwo, eyín ẹ̀ sì gbágungbàgun, àmọ́ kò tó bí mo ṣe rò. Bíréèkì náà, ẹ tètè máa tẹ̀ ẹ́. Níbi tí ọ̀nà bá ti ga tí ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn, jíà á máa wọlé á máa jáde bí ẹni tí ò mọ ohun tó fẹ́, mo kàn ń fi sí 3 ni.

Sípíà ńkọ́? Ẹ má ṣe bíi temi, mo ra mẹ́rin, mo fi ti àtijọ́ sílẹ̀ lábẹ́. Táyà já ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oko, mo fi sípíà kékeré sẹ́sẹ̀ òsì ẹ̀yìn, pọ́tọ́pọ́tọ̀ wà níwájú, mi ò sì lè tan four-wheel, torí táyà tí gíga wọn ò dọ́gba tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n yí pọ̀, wọ́n á máa bá ara wọn jà nínú jíà ni. Mo dúró síbẹ̀ títí tírákítọ̀ ẹnìkan fi kọjá. Mo ra ìkarùn-ún lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì wọ ibi tí sípíà máa ń wà lábẹ́, kò nílò ká gé nǹkan kan.

Ìdajì ínǹṣì yẹn wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín nìyẹn. Ó wúlò, àmọ́ eyín ara táyà tuntun yẹn ló ṣe iṣẹ́ jù, kì í ṣe gíga. Ibi tí mo ti ń yọ̀ tẹ́lẹ̀, mo ń gba ibẹ̀ kọjá báyìí láì tan four-wheel. Mo tún lè fi táyà gun ẹ̀gbẹ́ poro láìbẹ̀rù pé á yọ̀ padà, ara mọ́tò á wá gba ẹ̀gbẹ́ kan, dífíréńṣà ò ní kan ebè. Táyà 265/70 àtijọ́ gan-an, ká ní eyín gidi ló ní, bóyá mi ò bá má tiẹ̀ pààrọ̀ ìwọ̀n.

Ibì kan ṣoṣo ló ṣì ń kàn, lábẹ́ igi igbá tó wà kí ẹ tó dé ahéré wa. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ lóko la jọ ń lọ, a débẹ̀, krrr, mo ṣe ojú bí ẹni tí ò gbọ́. Ó ní "Ọ̀gá, ó ṣì ń kàn o." Ó sọ̀kalẹ̀, ó mú ọkọ́ lẹ́yìn mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ebè àárín yẹn, ó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ dí poro lọ́tùn-ún lósì, mo bá a ṣe díẹ̀ níbẹ̀, kò gbà wá tó ìṣẹ́jú ogún. Mo wakọ̀ kọjá, kò kan nǹkan kan. Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Ọ̀gá, kí ló dé tá ò ti ṣe èyí látijọ́?"

Mo yí rédíò sókè.